Aṣọ Pupa Inú Kọ́tìnì

Ẹ jẹ́ kí n pa maṣíìnì yìí ná, kí ariwo ẹ̀ má baà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ó dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń dá gbélé, ẹ wá ibi tí èèyàn wà jókòó sí kẹ́ ẹ tó gbọ́ èyí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà yín o. Ẹ̀rù ló ń ba èmi fúnra mi, títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Aránṣọ ni mí. Ọmọ àbúrò mi ló wà lọ́wọ́ mi. Rọra là ń pè é, torí láti kékeré, gbogbo nǹkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. Tí mo bá ń gé aṣọ, "Àǹtí mi, ẹ rọra." Tí mo bá ń bu omi gbígbóná, "Àǹtí mi, ẹ rọra." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí màmá ẹ̀ kú. Alágbàfọ̀ ni àbúrò mi, aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun ti hòtẹ́ẹ̀lì ló ń fọ̀. Mo sọ fún ọmọ yẹn pé àìsàn ló pa á, pé ojú oorun ló gbà lọ. Irọ́ ni mo pa. Ẹ fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Nígbà tí Rọra dàgbà, ó ní iṣẹ́ àwòrán tó ń rìn lòun fẹ́ kọ́, irú èyí táwọn ọmọdé máa ń wò. Mo ní ṣé èèyàn ń fi ìyẹn jẹun? Ó rẹ́rìn-ín. Ọdún tó kẹ́yìn ni wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún àwọ̀ àwòrán ṣe, àti bí wọ́n ṣe ń fi ohun tí kò sí níbẹ̀ síbẹ̀, bí eruku, bí èéfín, bí òjò. Mo bi í pé kí ló wà nínú títún àwọ̀ ṣe tí wọ́n á fi ọdún gbáko kọ́ ọ.

Ó ní, "Àǹtí mi, tí ẹ bá fẹ́ mú òwú tó bá aṣọ mu, ibo lẹ ti ń mú un?"

Mo ní, "Ẹnu ọ̀nà ni. Ta ló ń mú òwú lábẹ́ gílóòbù? Búlúù á di dúdú mọ́ ẹ lójú."

Ó ní, "Ẹ ti gba sáfíkéètì. Iṣẹ́ náà nìyẹn."

Ó fọwọ́ ara ẹ̀ kun yàrá ẹ̀yìn ní àwọ̀ eérú. Ó fi gílóòbù funfun kékeré sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n rán kọ́tìnì aláwọ̀ eérú tó nípọn, kí n fi aṣọ dúdú tẹ́ inú ẹ̀, kí oòrùn má rí àyè wọlé. Mo ní, "Ṣé àtìmọ́lé lò ń kọ́ ni?" Ó ní ojú èèyàn máa ń tètè gba ẹ̀tàn. Ó ní tí àwọ̀ mìíràn bá wà láyìíká, ó máa ba èyí tí èèyàn ń wò jẹ́, ẹni náà ò sì ní mọ̀. Mo gbọ́ o. Etí ọ̀tún ló gbà wọlé, ti òsì ló gbà jáde.

*

Fíìmù ìparí ẹ̀kọ́ ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Màmá ẹ̀ ló yà. Màmá ẹ̀ ń sá aṣọ funfun sórí okùn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ó ń rìn láàárín aṣọ, ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín. Ó tán. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ló bá a ṣe afẹ́fẹ́ àti omi tó ń kán lára aṣọ, ọmọ oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkángun àdúgbò. Eléékánná là ń pe ìyẹn, torí èékánná ẹ̀ gùn, pupa ló sì máa ń kùn ún. Ilé iṣẹ́ àwòrán ńlá kan ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú. Ohun tí Rọra ń lé nìyẹn, ohun témi náà ń lé fún un nìyẹn.

Fọ́tò kan péré ni àbúrò mi fi sáyé, èyí tó yà fún káàdì ibi iṣẹ́, dúdú àti funfun, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Torí náà, inú orí Rọra nìkan ni àwọ̀ màmá ẹ̀ kù sí. Èmi ẹ̀gbọ́n tó yẹ kí n ràn án lọ́wọ́, mi ò lè ràn án lọ́wọ́. Ìdí ẹ̀ á yé yín.

Oṣù méjì ló fi wá a. Á fi pupa díẹ̀ sí i, á yọ ọ́. Á jẹ́ kó dúdú díẹ̀, á tún yọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló pè mí, mo wọlé tèmi ti tépù lọ́rùn. Àbúrò mi yíjú nínú kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Dúdú tó ní pupa nísàlẹ̀, bí ìgbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sára ìkòkò amọ̀. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí.

Rọra ní, "Ṣé òun ni?"

Mo ní, "Òun ni."

Láti ọdún mọ́kànlá, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí àbúrò mi bó ṣe rí nígbà ayé ẹ̀.

*

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, oníbúrẹ́dì fúnra ẹ̀ ló padà sọ ọ́ fún mi.

Ó ní ọmọ òun á ti ọ̀dọ̀ wa dé, ọwọ́ ẹ̀ á tutù bí ẹja. Ó ní lọ́jọ́ kan, Eléékánná gbé búrẹ́dì dání, kò jẹ ẹ́, ó kàn ń wo ògiri. Ó bi í pé kí ló dé. Ọmọ ní, "Mọ́mì, àwa ò tíì ní kó yíjú, ó yíjú."

Bí oníbúrẹ́dì ṣe bọ́ épúrọ́ọ̀nù nìyẹn, ó di ọ̀dọ̀ Onídígí. Ọkùnrin yẹn ń gé dígí fún fèrèsé àti fún wọ́dúróòbù, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé kì í ṣe dígí nìkan ló ń gé. Ó sọ fún oníbúrẹ́dì pé òkú ni ọmọ aránṣọ ń fà padà, pé òkú tí wọ́n bá fà kì í dá rìn, á bèèrè ẹni tó máa sìn ín lọ. Ó fún un ní àfọ́kù dígí kan tó ti fi nǹkan dúdú kùn lẹ́yìn. Abẹ́ àga ẹni tó ń fa òkú ni kó fi sí.

Oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì gbígbóná wá sílé mi lọ́jọ́ kejì. Mo tiẹ̀ ń ṣàdúrà fún un. Mo ní, "Ìyá Eléékánná, ọwọ́ yín ò ní gbẹ." Ó ní kóun kí àwọn ọmọ ní yàrá. Ó bẹ̀rẹ̀ bíi pé ó ń mú bàtà. Ẹ wò ó, èèyàn ò mọ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mú bàtà.

*

Ọjọ́ kẹta ni mo rí i. Mo ń gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ fa nǹkan kan yọ lábẹ́ àga Rọra. Àfọ́kù dígí. Mo wo inú ẹ̀, mi ò rí ojú ara mi. Ó jọ pé ìdọ̀tí ni, ẹ̀mí mi ò sì gbà pé ìdọ̀tí ni.

Bí mo ṣe nàró báyìí, mo rí ojú kọ̀ǹpútà. Àbúrò mi ń rìn láàárín aṣọ, kò lójú. Ihò ló wà níbi tó yẹ kí ojú wà, èèyàn ń rí aṣọ funfun gba inú ẹ̀.

Rọra ní, "Àǹtí mi, ẹ má dá a lóhùn. Kọ̀ǹpútà ni ò rí ibi tí mo kó ojú ẹ̀ sí. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ó tẹ nǹkan méjì, ojú padà wá.

Lójú tiẹ̀, ó ti tán. Lójú tèmi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọ̀sán gangan ni mo dé ọ̀dọ̀ Onídígí, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọkùnrin yẹn kì í kọjú séèyàn. Á kẹ̀yìn sí ẹ, á máa gé dígí lọ, inú àwọn dígí tó gbé ti ògiri ló ti máa ń wò ẹ́. Mo ka ojú mẹ́rìnlá, tiẹ̀ ni gbogbo wọn.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó."

"Ibo ni kí n jókòó sí, nínú gbogbo ìfọ́ yìí?"

"Ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi, ohun tó ń gún un ti ju ìfọ́ lọ."

Mo gbé àfọ́kù yẹn sórí tábìlì. Kò fọwọ́ kàn án. Mo rí dígí kan lára ògiri tí igun ẹ̀ ti ṣẹ́ kúrò, ibi tó ṣẹ́ ò ju àfọ́kù yẹn lọ. Mi ò fọkàn sí i.

Ó ní, "Àwọn wo ló ń wọlé tọ ọmọ yín?"

"Ọmọ oníbúrẹ́dì. Àti ìyá ẹ̀."

"Ẹ ti dá ara yín lóhùn. Bí iná ò bá tán láṣọ..."

Èmi ni mo parí ẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná." Èékánná ọmọ yẹn ló sì wá sí mi lọ́kàn, pupa fòò.

Ó fa aṣọ pupa kan yọ nínú páànù. Ó ń rùn bí irin tí òjò pa. Ó ní kí n fi sójú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà bá Rọra, kí ọmọ náà má mọ̀. Ó ní, "Pupa ni ìyè. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ fà kúrò lára ẹ̀, èyí ló máa dí i. Ẹ sì gbọ́, ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá ti kàn, ẹ má jẹ́ kó kù."

Nígbà tí Rọra lọ síléèwé, mo tú kọ́tìnì yẹn. Mo yọ aṣọ dúdú inú ẹ̀, mo fi pupa rọ́pò, mo gán an padà tí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ̀. Àwọ̀ eérú ṣì ni lójú. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ọlọ́run ló mọ̀ pé inú mi dùn.

*

Ọjọ́ kejì, Rọra jáde wá bá mi nídìí maṣíìnì. Ó ní, "Àǹtí mi, ojú màámi ti yí padà."

"Ó yí padà báwo?"

"Ó ń ṣú. Ó ń jọ ti ẹni tó ti..."

Ó fi pupa díẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún ṣú, ó tún fi kún un. Ọjọ́ kẹrin, ó ní, "Mo ń fi ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó ń mu ún. Ibo ló ń kó o sí?" Mo sáré padà sọ́dọ̀ Onídígí. Ó ní wọ́n ti ń fèsì nìyẹn, ó fún mi ní aṣọ pupa kejì. Mo gán an lé ti àkọ́kọ́.

Ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá kọjú sí fèrèsé yẹn, mo máa ń wọlé wò ó. Yàrá náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi pé èèyàn jókòó sínú ẹnu ẹranko. Rọra ò rí nǹkan kan. Àtàárọ̀ ló ti wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ṣí èyí tó kọ́kọ́ ṣe, èyí tí mo fi jókòó sílẹ̀ yẹn. Ó pariwo, mo sáré wọlé. Ó ní, "Ẹ wò ó, Àǹtí mi. Òkú ni. Ṣé bó ṣe rí látilẹ̀ rèé tí mi ò mọ̀?" Èmi náà wò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ti wà lójú mi ló ń bá mi wò ó. Mo rántí ohun tí Onídígí wí. Mo ní, "Pa á rẹ́. Má jẹ́ kó kù."

Ó rọra gbójú sókè. "Ṣé kí n pa á rẹ́ pátápátá?"

"Pátápátá."

Ó pa á rẹ́.

*

Oníbúrẹ́dì náà ò jókòó lójú kan ní gbogbo àsìkò yẹn. Ó padà sọ́dọ̀ Onídígí, ó rí òwú pupa nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó mọ̀ pé mo ti débẹ̀. Ọkùnrin náà sọ fún un pé aránṣọ ti rán nǹkan padà sí i, pé kí Eléékánná má tún tẹ ilé wa mọ́.

Ọmọ yẹn sunkún. Ó ní, "Mọ́mì, ta ló máa bá a wo iṣẹ́ ẹ̀? Ojú ẹnì kan kì í tó." Màmá ẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ó tì í mọ́ ilé.

Bí a ṣe fi Rọra sílẹ̀ nìyẹn, òun nìkan, nínú yàrá yẹn, pẹ̀lú òkú tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sí lára.

*

Gbọ̀ngàn iléèwé wọn ni wọ́n ti wò ó, ní aago mẹ́wàá. Wọ́n pa iná. Rọra di ọwọ́ mi mú.

Aṣọ funfun yọ. Kò funfun. Ó pọ́n, bí aṣọ tí wọ́n fi nu nǹkan. Afẹ́fẹ́ Eléékánná ń fẹ́ ẹ, omi ń kán lára ẹ̀, omi náà pọ́n. Rọra ní, "Kì í ṣe bó ṣe rí nílé nìyí."

Àbúrò mi wá yíjú.

Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n mí.

Iná ló jó àbúrò mi. Iná tó sọ ní yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, ó ká a mọ́ inú ẹ̀. Èmi nìkan ni mo rí ojú ẹ̀ ní ọsibítù. Mi ò jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ wọlé, mo ní ó ń sùn. Àtìgbà yẹn, ojú yẹn nìkan ni mo ń rántí. Ojú yẹn ló yíjú sí wa nínú gbọ̀ngàn. Pupa yẹn náà ni. Ibi tó bó lókè ìpéǹpéjú òsì, ó wà níbẹ̀. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn ló tún jáde lẹ́nu mi. "Ẹ bò ó. Ẹ bá mi bo ojú ẹ̀."

Wọ́n tan iná. Gbogbo ojú wà lára mi. Rọra ò wo ẹnikẹ́ni. Ó rọra bi mí, bí ẹni tó ń bèèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

"Àǹtí mi, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Mo fọwọ́ bo ojú ara mi. Ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ àwòrán yẹn sọ fún olùkọ́ wọn pé ọmọ yìí mọ̀wé, pé ọwọ́ ẹ̀ dáa, àmọ́ ojú ẹ̀ ò mọ àwọ̀. Ẹlòmíì ni wọ́n mú.

*

Lọ́jọ́ kejì, Eléékánná já wá sílé wa, ìyá ẹ̀ ń lé e bọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. Kò tíì wọlé tó fi ní, "Kí ló dé tí ògiri yín fi pọ́n?"

Rọra ní, "Kò pọ́n."

"Ó pọ́n. Jáde síta, kó o tún wọlé."

Rọra jáde síta, ó dúró nínú oòrùn díẹ̀, ó wọlé. Ó lọ síbi kọ́tìnì, ó fọwọ́ pa á, ó yí etí ẹ̀ sóde. Ó mọ ojú abẹ́rẹ́ mi. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ó wo pupa méjèèjì, ó wò mí.

Ó ní, "Àǹtí mi. Ẹnu ọ̀nà lẹ ti ń mú òwú."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Kó bú mi, kó lù mí, ì bá sàn.

Orí bẹ́ǹṣì ìta mi ni oníbúrẹ́dì ti jẹ́wọ́ tiẹ̀, mo jẹ́wọ́ tèmi. A jọ dìde, a lọ bá ọkùnrin náà. Dígí tí igun ẹ̀ ṣẹ́ ṣì wà lára ògiri. Kò tilẹ̀ dá iṣẹ́ dúró.

Ó ní, "Èwo nínú yín ni kò rí ohun tó bèèrè? Oníbúrẹ́dì, o ní kí òkú má mú ọmọ ẹ lọ. Ṣé ó mú un? Aránṣọ, o ní kí pupa má tán lára ẹ̀. Ṣé ó tán?"

Nínú dígí, ojú mẹ́rìnlá ń rẹ́rìn-ín.

Àwọ̀, mo gbà, kọ́tìnì mi ló fà á. Àwọn ọmọ ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, pé ojú Rọra ti mọ́ pupa lára, kò rí i mọ́, ló ṣe ń fi kún un. Ó yé mi. Àmọ́ ibi tó bó lókè ìpéǹpéjú òsì yẹn ńkọ́? Rọra ní òun ò ya nǹkan kan síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí fíìmù náà padà, kò sí níbẹ̀.

*

Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́rin báyìí. Mo ti fi aṣọ dúdú sí kọ́tìnì padà. Rọra ò wọ yàrá yẹn mọ́. Ó ní gbogbo ìgbà tóun bá pa ojú dé, èyí tó wà ní gbọ̀ngàn lòun ń rí, òun ò rántí èyí tòótọ́ mọ́.

Láàárọ̀, á gbé àpótí òwú mi lọ sẹ́nu ọ̀nà, á máa mú òwú aláwọ̀ ilẹ̀ àti aláwọ̀ igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á gbé e sójú oòrùn. "Kì í ṣe eléyìí." Á gbé e sílẹ̀. "Kì í ṣe eléyìí náà."

Lánàá ló pè mí. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin rí i lọ́jọ́ tí ẹ jókòó sílẹ̀ yẹn. Ẹ bá mi mú un."

Mo bẹ̀rẹ̀ sídìí àpótí. Mo pa ojú dé, mo wá àbúrò mi. Pupa ni mo rí. Mo wá ìkòkò amọ̀, mo wá oòrùn ìrọ̀lẹ́. Pupa.

Mo kàn fa òwú kan yọ. Mo ní, "Èyí ni."

Ó gbà á, ó dì í sínú àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí mi."

Àmọ́ ojú mi ló ń wò. Kò wo òwú náà rárá.